Àyà Àyálò

Bàtà ẹsẹ̀ òkú náà ló kọ́kọ́ gba ojú Abẹ́rẹ́. Bàtà aláwọ dúdú ni, wọ́n ti fi kíwì pa á títí ó fi ń dán yinrin. Ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ tí ìlà rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ lẹ́yìn ilé alájà mẹ́ta tí wọn ò tíì kọ́ parí, láàárín òkìtì yanrìn àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ ti gbẹ mọ́ yanrìn.

"Pẹ́ńtà tó ń kun ilé yìí ni," Sájẹ́ǹtì wí, ó ń nu òógùn orí rẹ̀ tó pá. "Àwọn bíríkìlà tó kọ́kọ́ dé láàárọ̀ yìí ló rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yẹ̀ lókè, Ọ̀gá. Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀."

Abẹ́rẹ́ kọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́ o. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn, torí obìnrin tín-ín-rín ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ẹni tó bá sì ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò kì í mọ ìgbà tó gún un. Ó kúnlẹ̀ ti òkú náà, ó rọra ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè.

"Sájẹ́ǹtì, o ti rí pẹ́ńtà tó wọ aṣọ funfun lọ kun ilé rí?"

"Bóyá òde ló ti ń bọ̀."

"Òde wo?" Ó tọ́ka sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin náà. Pílásítà kékeré kan lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, òwú sì wà lábẹ́ rẹ̀. "Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Wo èjìká rẹ̀ pẹ̀lú. Tòsì rẹlẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Kì í ṣe ìṣubú yìí ló fà á, eegun ibẹ̀ ti dá rí, ó sì ti so padà tipẹ́."

Àpò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú náà. Àwọn búrọ́ọ̀ṣì ló wà nínú rẹ̀, ó ti fọ̀ wọ́n mọ́, ó ti fi àkísà wé wọn. Abẹ́rẹ́ wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀.

"Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ́ nìyí. Ó wá kó irinṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ń lọ ni."

Nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó bá ike kékeré kan tó ní ìdérí, irú èyí tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan bò mọ́lẹ̀. Kò sí nǹkankan nínú rẹ̀.

"Yóò jẹ́ fún pípo ọ̀dà," Sájẹ́ǹtì wí.

Abẹ́rẹ́ gbé e sí imú. "Ọ̀dà ò kan èyí rí. Òórùn ilé ìwòsàn ló ń rùn."

Wọ́n gun òkè dé àjà kẹta. Fèrèsé yàrá ẹ̀yìn ò tíì ní férémù, ó kàn là gbàgbà sójú ọ̀run ni. Pẹ́ńtà kejì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní òun ló fi ọ̀dà eléérú kun férémù ẹnu ọ̀nà yàrá náà lọ́sàn-án àná, ọ̀dà olóròóró tí kì í tètè gbẹ, òun sì ti ń lọ sílé nígbà tí òun pàdé ọ̀rẹ́ òun lójú ọ̀nà tó ń bọ̀ nínú aṣọ òde.

"Ó sọ nǹkankan fún ẹ?"

"Ó ní òun ò ní wá síṣẹ́ fúngbà díẹ̀, mà. Ó ní kí n má bínú."

Abẹ́rẹ́ tẹjú mọ́ férémù náà. Nǹkan kan ti ha á níbi tó ṣe déédéé ìbàdí ènìyàn, ọ̀dà ibẹ̀ ti fà wálẹ̀. Ó ti yẹ òkú náà wò láti orí dé ẹsẹ̀, òun àti àpò rẹ̀. Kò sí ọ̀dà eléérú lára ìkankan.

"Ẹlòmíràn gba ibí kọjá lánàá," ó wí. "Sájẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ẹsẹ̀ yíyẹ̀."

Yàrá kan ṣoṣo ni pẹ́ńtà náà, aya rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn ń gbé, nínú ọgbà tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó pọn ọmọ tuntun sẹ́yìn. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà dì í mú lápá. Ìyá náà ò sunkún. Ó dà bí ẹni pé wọ́n sọ fún un kó dúró de ẹnìkan.

Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mi ò ní dà ẹ́ láàmù. Àìsàn ń ṣe ọkọ ẹ?"

"Ó ń wúkọ́ láìpẹ́ yìí, mà. Ó ní ọ̀dà ló ń dí òun láyà."

"Èjìká rẹ̀ yẹn?"

"Ó jábọ́ lórí àkàsọ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n."

"Aṣọ òde tó wọ̀ lánàá, ibo ló lọ?"

Obìnrin náà wo ọmọ rẹ̀, ó ní kó lọ bu omi wá. Ìgbà tí ọmọ náà jáde ló tó sọ̀rọ̀. "Ó ní òun ń lọ ta èémí. Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ọkùnrin kan ló máa ń wá fi mọ́tò gbé e, Bàbá Físà ni wọ́n ń pè é. Tó bá dé, ó máa ń mú owó oúnjẹ wá. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi èémí rẹ̀ ṣe, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àyà òun dáa ju tàwọn olówó lọ."

Sájẹ́ǹtì ò jẹ́ kí ilẹ̀ tutù. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti gbé Bàbá Físà wá sí àgọ́. Ọkùnrin tó sanra, tó ń rùn lọ́fínńdà, tí fóònù rẹ̀ kò yé dún. Orúkọ ló sọ ọ́ di bàbá, kò tíì lé lógójì ọdún dáadáa.

"Màámi, ọ̀gá mi," ó bẹ̀rẹ̀, "físà ni mo ń bá àwọn ènìyàn ṣe. Mi kì í bá wọn ṣe pósí."

"O mọ pẹ́ńtà náà?"

"Ó kun ọ́fíìsì mi. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere."

"O sì máa ń fi mọ́tò gbé e nínú aṣọ funfun láti lọ kun ọ́fíìsì?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ní àwọn ti mú ọ̀daràn, kí àwọn tì í mọ́lé. Abẹ́rẹ́ ní kó tì í mọ́lé lóòótọ́, àmọ́ kó má tíì pè é ní apànìyàn. Ó mú ike kékeré náà dání, ó jáde.

Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ni àwọn ẹ́ńbásì fọwọ́ sí nílùú náà. Ènìyàn kún gbogbo bẹ́ǹṣì, oníkálukú di pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mú bí ẹni gbá ọmọ tuntun mọ́ra. Wọ́n mú Abẹ́rẹ́ lọ bá ọkùnrin tó ń ya àwòrán àyà, onígíláàsì tó nípọn, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun kò tó. Bó ṣe rí ike náà, ó ní, "Tiwa ni. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ la ń gbà sínú rẹ̀."

"Kí ni físà ń fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ènìyàn ṣe?"

"Ẹni tó bá kàn fẹ́ lọ kí ará kó sì padà, wọn ò ní bi í. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ lọ gbé lọ́hùn-ún, ó gbọ́dọ̀ ya àwòrán àyà kí wọ́n lè mọ̀ pé kò ní ikọ́ ife. Tá a bá rí òjìji nínú àwòrán náà, a máa ní kó mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àárọ̀ wá, ká fi yẹ̀ ẹ́ wò."

"Tó bá wá jẹ́ ikọ́ ife lóòótọ́, wọ́n lé e dànù nìyẹn?"

"Rárá o. Gbogbo wọn ló ń rò bẹ́ẹ̀." Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. "Yóò lo oògùn fún oṣù mélòó kan, ọ̀fẹ́ sì ni. Tó bá ti san, a óò tún un yà, yóò máa lọ. Àìsàn kì í dínà físà pa, Ọ̀gá. Irọ́ ló ń dí i. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó parọ́ fún wọn, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa fi wà nílé."

Abẹ́rẹ́ ní kó kó gbogbo àwòrán tó yà lánàá wá. Ó ń fi wọ́n sójú iná lọ́kọ̀ọ̀kan: egungun ìhà funfun, ẹ̀dọ̀fóró dúdú, ọkàn tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo ènìyàn jọ ara wọn nínú lọ́hùn-ún. Abẹ́rẹ́ ò wo ẹ̀dọ̀fóró. Eegun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká ló ń wò.

"Dúró. Dá yẹn padà."

Eegun apá òsì àwòrán náà wọ́ bí ẹ̀ka igi tó ṣẹ́ tó tún so padà. Lábẹ́ rẹ̀, lókè ẹ̀dọ̀fóró, nǹkan kan rú bí èéfín.

"Ta ló ni èyí?"

"Tíṣà kan. Ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ ṣáájú, òun ló kù. Mo rántí rẹ̀ dáadáa." Ohùn ọkùnrin náà rẹlẹ̀. "Mo sọ fún un pé òjìji wà níbẹ̀, mo fún un ní ike. Ó jókòó sórí àga yẹn, ó pẹ́ kó tó dìde. Ó wá bi mí pé, 'Ta ni ẹ máa fún lóògùn, ẹni tó ni orúkọ tàbí ẹni tó ni àyà?' Mo rò pé ìpayà ló ń dà á lọ́kàn rú."

Abẹ́rẹ́ rí pẹ́ńtà náà lójú ọkàn, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, tó ń gbọ́ ìròyìn àìsàn tirẹ̀ lórúkọ ẹlòmíràn.

"Ẹ ò wo ojú rẹ̀ mọ́ pásípọ́ọ̀tù?"

"A wò ó. Àwọn méjèèjì jọra, wọ́n ní irùngbọ̀n kan náà. Ẹ sì rí bí èrò ṣe pọ̀ tó." Kò lè wo ojú Abẹ́rẹ́ mọ́.

"Ta lẹ tún sọ èsì náà fún?"

"A pe nọ́ńbà tó wà lórúkọ tíṣà náà lọ́sàn-án láti rán an létí ike. Òfin ni. Ẹni tó ni físà nìkan la lè pè, a kì í bá ejẹ́ǹtì sọ ọ́."

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ padà dé àgọ́, ó gbé àwòrán àyà náà sórí tábìlì níwájú Bàbá Físà. Bàbá Físà wò ó, òógùn bo imú rẹ̀.

"Ó dáa, Màámi. Mo máa ń yá wọn ní àyà. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń bà á lẹ́rù, mo máa ń wá ẹni tó jọ ọ́, tí ara rẹ̀ le. Ẹ bá mi ṣe é ní jẹ̀lẹ́ńkẹ́. Àmọ́ mi ò pààyàn! Gbogbo ọ̀sán àná, ẹnu ọ̀nà ẹ́ńbásì ni mo wà pẹ̀lú àwọn oníbàárà mi, ẹ bi wọ́n."

"Pẹ́ńtà náà ò wúlò fún ẹ mọ́. Òun náà ti ní ikọ́ ife."

Bàbá Físà gbójú sókè fìrì. Ọwọ́ rẹ̀ fò bo ẹnu rẹ̀. "Ikọ́ kí ni?"

"Òjìji lo ń wò yẹn."

"Èmi àti ẹ̀ la jọ jókòó sínú mọ́tò! A ti gíláàsì pa! Omi inú ọ̀rá kan náà la jọ mu! Yéè, mo gbé! Ẹ gbé mi lọ sílé ìwòsàn, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìyàwó nílé!" Ó ti dìde, ó ń na ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ò tó mọ́.

Abẹ́rẹ́ jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Sájẹ́ǹtì tẹ̀ lé e. "Ọ̀gá, ẹ gbà á gbọ́?"

"Ẹnu rẹ̀ kọ́ ni mo gbà gbọ́. Ọwọ́ tó fi bo ẹnu yẹn ni mo gbà gbọ́. Ìsinsìnyí ló ń gbọ́ ọ fúngbà àkọ́kọ́. Kí ni yóò torí rẹ̀ pa á lánàá, nígbà tí kò mọ̀ pé ọjà rẹ̀ ti bàjẹ́? Ẹni tó mọ̀ lánàá, yàtọ̀ sí ilé ìwòsàn àti òkú fúnra rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ni. Gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé. Tíṣà jókòó nìkan nínú kíláàsì, máàpù ayé ńlá kan wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ló ń kọ́ wọn. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni, ó ga díẹ̀, ẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì bo ìka rẹ̀, ó sì ń wúkọ́ gbígbẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga kan, ó gbé àga náà fún Abẹ́rẹ́.

"Ẹ lọ ya àwòrán àyà lánàá?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi fúnra mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú bọ́tìnnì ọrùn yín."

Ó tú u. Eegun èjìká rẹ̀ méjèèjì gún régé. Abẹ́rẹ́ lọ lẹ àwòrán náà mọ́ gíláàsì fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tàn án kedere. Ó fi ìka tọ ipa eegun tó wọ́ náà. Tíṣà wò ó, ó gbé ojú kúrò.

"Bàbá Físà ló ṣètò ẹ̀," ó wí nígbà tó yá. "Mo jẹ̀bi ìyẹn. Mi ò mọ ẹni tó lò."

"Ẹ ò rí i rí?"

"Láéláé."

"Báàgì yín yẹn, ọ̀dà eléérú ta sí i létí. Ibo ló ti kó o?"

"Géètì ilé ìwé ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún."

"Géètì tí a gbà wọlé pupa."

Ikọ́ gbé e, ó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. Sájẹ́ǹtì rìn lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ ò sáré. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó rọ ohùn sílẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ń bá àbúrò sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, ṣé ẹ mọ̀ pé ikọ́ ife kì í gba físà lọ́wọ́ ènìyàn? Ẹ̀ báà ní in, ẹ máa lo oògùn, á san, wọ́n á tún àwòrán yà, ẹ máa lọ bá àwọn ọmọ yín."

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí ò gbọ́ èdè. "Kí lẹ wí?"

"Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà."

"Rárá. Rárá, mà. Bàbá Físà ní tí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ó gbọ́ ikọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní àwọn ọmọ mi á bímọ lọ́hùn-ún kí n tó rí wọn."

"Ẹ bi ẹlòmíràn?"

Ọkùnrin tó ń fi máàpù kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò bi ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ bí ògiri tí òjò ti wọ̀ nínú.

"Ilé ìwòsàn pè mí, wọ́n ní kí n má gbàgbé ike," ó wí. "Mo mọ ibi iṣẹ́ pẹ́ńtà náà, Bàbá Físà ti mú mi débẹ̀ rí kó lè fi ojú wa wé ara wọn. Mo lọ bá a. Mo ní kó wá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹlòmíràn tó dáa sínú ike náà. Ó ní òun ò lè ṣe é. Ó ní òun máa padà lọ sọ fún wọn pé òun lòun ni àyà yẹn, kí wọ́n lè fún òun lóògùn. Mo bẹ̀ ẹ́, mà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ní tó bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé mo parọ́, mo gbé nìyẹn. Ó ní òun lọ́mọ. Mo ní èmi náà lọ́mọ. Ó gbé àpò rẹ̀, ó fẹ́ kọjá lára mi, mo dì í láṣọ, ó ń jà kó lè bọ́. Mo tì í." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wo ẹ̀fun ara wọn. "Fèrèsé yẹn ò ní férémù."

Sájẹ́ǹtì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Kí wọ́n tó tì í mọ́lé, Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ síwájú ẹ̀rọ nílé ìwòsàn, torí ikọ́ rẹ̀ àtàwọn tó máa bá nínú túbú. Onígíláàsì wo àwòrán náà títí, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Kò sí nǹkankan," ó wí. "Àyà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì ló ń mú un wúkọ́."

Tíṣà gbọ́ ọ. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín yàrá náà pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, apá Sájẹ́ǹtì nìkan ò sì ká a láti gbé e dìde.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ lọ mú opó náà àtàwọn ọmọ rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Bí wọ́n ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dúró de èsì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ìkankan pamọ́.

"Ì bá san?" obìnrin náà bi í.

"Ì bá san."

"Ẹni tó tì í yẹn ńkọ́? Kí ló ṣe àyà tirẹ̀?"

"Kò sí ohun tó ṣe é."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kúkúrú kan ni, tí gbogbo àwọn tó jókòó pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ fi yíjú wò ó.

Nọ́ọ̀sì jáde wá. Ìyá ò ní nǹkankan. Ọmọbìnrin àgbà ò ní nǹkankan. Èyí tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni yóò lo oògùn.

"Ẹ má fòyà, kékeré ni, á tètè san," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ máa rún oògùn náà sómi díẹ̀ láràárọ̀ kó tó mu ọmú. Tó bá bì í, ẹ tún fún un ní òmíràn. Ẹ ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan."

Opó náà na ọwọ́ gba oògùn náà, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó fún ọ̀já ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ le dáadáa. "Láràárọ̀," ó wí. "Kó tó mu ọmú. Mi ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan." Ó fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n gba àárín àwọn èrò tó ń dúró de físà kọjá, Abẹ́rẹ́ sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà: láràárọ̀, kó tó mu ọmú, láràárọ̀.